Ìtàn Òṣùwọ̀n Eré Ọkọ̀ àti Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rí

Kò sí ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ rí tí ojú rẹ̀ kò kan aago kékeré kan, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń gbéra bí ọkọ̀ bá ti ń gbéra, tí ó sì máa ń padà sí orí òdo bí ọkọ̀ bá dúró. Aago yìí ni mo pè ní òṣùwọ̀n eré nínú àròkọ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kí awakọ̀ lè mọ bí òun ti ń sáré tó nìkan ni a ṣe dá a. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ìtàn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, a ó rí i pé àríyànjiyàn ni ó tọ́ ọ dàgbà, àríyànjiyàn láàárín ẹni tí ó ní òun kò sáré àti ẹni tí ó ní ó sáré. Àwọn baba wa sọ pé, "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà." Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nìyí: pé nígbàkigbà tí a bá gbé òṣùwọ̀n eré tuntun kan kalẹ̀, ìbéèrè tí ó wà nínú òwe yìí ni ó máa ń padà wá bá wa. Ta ni ẹlẹ́rìí? Ta ni ó dán ẹlẹ́rìí náà wò? Ǹjẹ́ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn gbọ́ èdè tí ẹlẹ́rìí ń sọ?

Ọ̀nà jíjìn àti àkókò

Kí a tó lè wọn eré, ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀n: bí ọ̀nà ti jìn tó, àti bí àkókò ti gùn tó. Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, a máa ń so méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí a bá bi àlejò léèrè bí ìlú rẹ̀ ti jìnnà tó, yóò ní ìrìn ọjọ́ méjì ni, tàbí pé bí ènìyàn bá kúrò nílé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, yóò dé ibẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ibùsọ̀, ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ láti sinmi, ni a fi ń pín ọ̀nà sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí ìwé dé, àwọn òǹkọ̀wé wa mú ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún máìlì àwọn Òyìnbó. Ìwọ̀n yìí tó fún ẹlẹ́sẹ̀, nítorí pé ìrìn ọmọ ènìyàn kò yàtọ̀ sí ara wọn lọ títí.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ ka ọ̀nà. Ní nǹkan bí ọdún 25 kí a tó bí Kristi, ará Róòmù kan tí ń jẹ́ Vitruvius ṣe àpèjúwe kẹ̀kẹ́ kan nínú ìwé kẹwàá àwọn ìwé tí ó kọ lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà bá yí ní ìgbà 400, a ti rin máìlì kan ti àwọn ará Róòmù, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 5,000. Òkúta róbótó kan yóò sì já sínú àwo idẹ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó ka òkúta, a ó sì mọ iye máìlì tí a rìn. Àwọn ará Ṣáínà náà ní kẹ̀kẹ́ tiwọn, tí ère igi orí rẹ̀ ń lu ìlù lẹ́ẹ̀kan bí a bá ti rin ìwọ̀n ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní li. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ọ̀nà nìkan ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń kà. Ẹni tí ó sùn fún wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà àti ẹni tí kò sinmi rárá, iye òkúta kan náà ni yóò já fún wọn.

Lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ ojú òkun ni a ti rí ọ̀nà àti àkókò tí a so pọ̀ dáadáa. Ní 1574, William Bourne, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa pátákó kékeré kan tí a so mọ́ okùn, tí a ń jù sínú omi ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Pátákó yóò dúró sójú kan nínú omi, ọkọ̀ yóò máa lọ, okùn yóò sì máa tú. Nígbà tí ó yá, a ta kókó sí okùn náà ní ẹsẹ̀ bàtà 47 àti íǹsì 3 sí ara wọn, a sì fi ìgò oníyanrìn tí ń tán ní ìṣẹ́jú àáyá 28 ka àkókò. Bí ìṣẹ́jú àáyá 28 ti rí sí wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹsẹ̀ bàtà 47 àti íǹsì 3 rí sí máìlì òkun kan. Nítorí náà, iye kókó tí ó bá gba ọwọ́ atukọ̀ kọjá kí iyanrìn tó tán ni iye máìlì tí ọkọ̀ ń lọ ní wákàtí kan. Títí di òní, kókó ni àwọn atukọ̀ fi ń ka eré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn náà ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ṣùgbọ́n lórí òkun, kò sí ẹni tí ń pe atukọ̀ lẹ́jọ́ pé ó sáré. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ mọ ibi tí òun dé kí ó má baà ṣìnà. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ẹ̀rọ bọ́ sójú títì, níbi tí ọmọdé, àgbà àti ẹran ọ̀sìn ti ń rìn.

Òṣùwọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ méjì

Ní 1865, ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan pé ọkọ̀ tí ń fi ẹ̀rọ rìn lójú títì kò gbọdọ̀ sá ju máìlì 4 ní wákàtí kan lọ ní ìgbèríko, tàbí máìlì 2 láàárín ìlú. Òfin náà pàṣẹ pẹ̀lú pé kí ẹnì kan máa fi ẹsẹ̀ rìn níwájú ọkọ̀ náà, kí ó jìnnà sí i ní yáàdì 60, kí ó sì di àsíá pupa mú. A ti fi òfin yìí rẹ́rìn-ín púpọ̀, ṣùgbọ́n mo gbà pé ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn tí ń rẹ́rìn-ín kò rí. Ẹni tí ń rìn níwájú yẹn gan-an ni òṣùwọ̀n. Ọkọ̀ tí kò gbọdọ̀ kọjá ẹlẹ́sẹ̀ kò lè sáré ju ẹsẹ̀ lọ, gbogbo ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà sì lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá awakọ̀ pa òfin mọ́ tàbí kò pa á mọ́.

Láti 1878, àsíá kò jẹ́ dandan mọ́, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ ṣì wà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1896, Walter Arnold wa mọ́tò gba Paddock Wood ní Kent kọjá láìsí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Ọlọ́pàá kan gun kẹ̀kẹ́ lé e títí ó fi bá a. Ẹ̀sùn eré tí a fi kàn án ni pé ó sá máìlì 8 ní wákàtí kan níbi tí òfin ti ní 2. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó sì san ṣílè kan fún eré náà, yàtọ̀ sí owó àwọn ẹ̀sùn mìíràn. Ó di ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bù ní owó ìtanràn nítorí eré mọ́tò. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, òfin tuntun mú ẹlẹ́sẹ̀ kúrò níwájú ọkọ̀. Ọjọ́ tí a mú un kúrò ni a mú òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé lè rí kúrò, a kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ọlọ́pàá inú igbó

Òfin ọdún 1903, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1904, gba máìlì 20 ní wákàtí kan láàyè. Báwo ni a ó ti ṣe mọ ẹni tí ó kọjá rẹ̀? Àwọn ọlọ́pàá a wọn ọ̀nà kan sílẹ̀, a sápamọ́ sẹ́yìn ọgbà, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, èkejì ní òpin, pẹ̀lú aago tí a lè tẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀, kí a sì tún tẹ̀ kí ó dúró. Ẹni ìbẹ̀rẹ̀ a ju ọwọ́ tàbí aṣọ ìnujú, ẹni òpin a tẹ aago.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà. Bí ọ̀nà tí a wọ̀n bá jẹ́ yáàdì 220, èyí tí í ṣe ìdá mẹ́jọ máìlì kan, mọ́tò tí ń sá máìlì 20 gééré yóò lo ìṣẹ́jú àáyá 22½ láti là á já. Bí ọlọ́pàá bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ó tó tẹ aago ní ìbẹ̀rẹ̀, 20½ ni aago rẹ̀ yóò kà, eré tí yóò sì kọ sílẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 22. Báyìí ni ìpajúdé méjì péré ṣe lè sọ ẹni tí ó pa òfin mọ́ di arúfin. Kò sì sí ohun tí awakọ̀ lè fi dáhùn ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹ̀rí apá kan ni ilé ẹjọ́ ní lọ́wọ́.

Ní 1905, àwọn onímọ́tò kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Automobile Association sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni láti rán àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ sójú ọ̀nà kí wọ́n máa ta awakọ̀ lólobó pé ọlọ́pàá ń bẹ níwájú. Ní 1910, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdínà iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹgbẹ́ náà yí ọgbọ́n padà: òṣìṣẹ́ wọn yóò máa kí gbogbo ọkọ̀ tí ó ní àmì ẹgbẹ́, ọjọ́ tí kò bá kí ọ, kí o mọ̀ pé ewu ń bẹ lọ́nà. Ta ni ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́ nítorí pé kò kíni? Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn awakọ̀ tiwa ti ń ṣẹ́ iná mọ́tò síra wọn ní ojú ọ̀nà máarosẹ̀ yóò mọ̀ pé ọgbọ́n yìí kò tí ì kú.

Òòfà àti ife

Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n inú ọkọ̀ ti di ohun tí awakọ̀ ń wá kiri. Otto Schulze, ẹnjiníà kan ní Strasbourg, ìlú tí ó wà lábẹ́ ìjọba Jámánì nígbà náà, gba ìwé àṣẹ fún tirẹ̀ ní Berlin ní oṣù Kẹwàá ọdún 1902. Ní Amẹ́ríkà, Arthur Warner ti Beloit ní Wisconsin bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ ní àwọn ọdún kan náà.

Bí ti Schulze ti ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti yé ènìyàn. Okùn irin kan tí ó lè tẹ̀ ń ti ibi tí ẹ̀rọ ti ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ wá, ó sì ń yí bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń yí. Ní orí okùn náà ni òòfà kan wà. Ife kékeré kan tí a fi alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́ ṣe bo òòfà náà láìfara kàn án. Òòfà kì í fa alumíníọ̀mù bí ó ti ń fa irin. Ṣùgbọ́n bí òòfà bá ń yí, ó ń bí agbára mànàmáná sínú ife náà, agbára yìí sì ń mú kí ife fẹ́ bá òòfà yí. Arago ti ilẹ̀ Faransé ti rí ohun ìyanu yìí ní 1824, Faraday sì túmọ̀ rẹ̀ ní 1831. Sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ kan di ife mú kí ó má baà yí tán. Bí eré ti pọ̀ tó ni ife yóò bá sípíríǹgì jà tó, abẹ́rẹ́ tí ó wà lórí ife yóò sì fi iye rẹ̀ hàn. Ọgbọ́n yìí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò ayé fún ọgọ́rin ọdún ó lé, kí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó gba ipò rẹ̀.

Ohun tí awakọ̀ rà láti fi gbèjà ara rẹ̀ ni òfin padà sọ di dandan fún un: láti oṣù Kẹwàá ọdún 1937, mọ́tò tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ wà láìní òṣùwọ̀n eré. Láti ìgbà náà, kò sí àyè fún "n kò mọ̀" mọ́. Síbẹ̀, ẹ̀rí òṣùwọ̀n yìí ní àbùkù tirẹ̀. Kì í wo ọ̀nà rárá. Yíyí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń kà. Bí a bá fi táyà tí àyíká rẹ̀ fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju èyí tí a ṣe é fún lọ sí i, yóò máa sọ pé 100 nígbà tí eré gan-an jẹ́ 105. Nítorí èyí ni ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ fún àwọn aṣemọ́tò ṣe sọ pé òṣùwọ̀n kò gbọdọ̀ dín eré kù láéláé. Ó lè bù mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àti kìlómítà 4 lọ.

Igi tí ń sáré

Ẹ̀rọ tí ó fún ọlọ́pàá ní agbára tuntun ti inú ìmọ̀ ìró wá. Ní 1842, Christian Doppler, ọmọ ilẹ̀ Austria, sọ pé bí ohun tí ń dún bá ń sún mọ́ wa, ohùn rẹ̀ yóò ga sí i. Bí ó bá ń lọ, ohùn yóò rẹlẹ̀. Ní 1845, Buys Ballot dán an wò ní ilẹ̀ Netherlands: ó kó àwọn afunfèrè sínú ọkọ̀ ojú irin, ó sì fi àwọn tí etí wọn mọ orin dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ Doppler jẹ́ òtítọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, a fi ìgbì rédà rọ́pò fèrè. Ẹ̀rọ a ju ìgbì sí ọkọ̀ tí ń bọ̀, a gba èyí tí ó ta padà, a sì fi ìyàtọ̀ wọn mọ eré. Ní 1947 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lójú títì ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà.

Nísinsìnyí, ọlọ́pàá kò wọn ọ̀nà mọ́, kò tẹ aago mọ́. Ẹ̀rọ sọ iye kan, ilé ẹjọ́ sì gbà á. Ṣùgbọ́n ní 1979, ní Miami ní ìpínlẹ̀ Florida, a fi hàn ní gbangba pé irú ẹ̀rọ yìí wo igi kan tí ó dúró, ó sì ní ó ń sá eré máìlì 86 ní wákàtí kan; ó wo ilé kan, ó ní máìlì 28. Adájọ́ kan níbẹ̀ kọ ẹ̀rí rédà sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò sọ pé ẹ̀rọ kò wúlò. A tún àwọn ẹ̀rọ náà ṣe, a sì fi ìlànà ìdánwò àti ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń lò wọ́n múlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí tí a kò dán wò lè jẹ́rìí sí i pé igi sáré.

Ìtàn Maurice Gatsonides kò gbọdọ̀ gbé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Asáré-mọ́tò ni, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, òun ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Monte Carlo ní 1953. Ó fẹ́ mọ eré tí òun fi ń gba kọ́nà kọjá kí ó lè sáré sí i, ó sì ṣe ẹ̀rọ onírọ́bà méjì tí a tẹ́ sí ìdábùú ọ̀nà: bí táyà bá tẹ èkíní, aago a bẹ̀rẹ̀, bí ó bá tẹ èkejì, aago a dúró. Ní 1958 ó dá ilé iṣẹ́ Gatsometer sílẹ̀, ó sì ń ta ẹ̀rọ náà fún àwọn ọlọ́pàá. Ohun tí eléré fi ń kọ́ bí a ti ń sáré ni ó padà di ẹ̀wọ̀n eléré.

Ọ̀rọ̀ tiwa

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá gidigidi. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà, ó bọ́ sí apá ọ̀tún, gbogbo ènìyàn sì mọ̀, nítorí pé a kéde rẹ̀ ní gbogbo èdè. Ìyàtọ̀ mìíràn ń bẹ tí a kò kéde tó bẹ́ẹ̀. Kìlómítà ni àmì ojú ọ̀nà wa fi ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni a kọ gàdàgbà sí ojú òṣùwọ̀n. Kìlómítà, bí ó bá wà rárá, wẹ́wẹ́ ni a kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ tí ó rí àmì 50 ní ẹnu ìlú, tí ó sì gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí 50, rò pé òun pa òfin mọ́. Kìlómítà 80 ni ó ń sá. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mítà 22 ni yóò fi rìn dípò 14. Bí ó bá tẹ bíréèkì, ọ̀nà tí yóò lọ kí ó tó dúró yóò ju ìlọ́po méjì àbọ̀ lọ, nítorí pé ọ̀nà ìdúró kì í pọ̀ bí eré ti ń pọ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, òun a di ìlọ́po mẹ́rin. Ọmọ tí ń sọdá ọ̀nà sí ilé ìwé kò mọ máìlì yàtọ̀ sí kìlómítà.

Kì í sì í ṣe ohun àjèjì láti wọ ọkọ̀ akérò tí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n rẹ̀ ti kú fanfan. Irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ti padà sí ayé Walter Arnold, ṣùgbọ́n eré tirẹ̀ kì í ṣe máìlì 8.

A kò lè sọ pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan. Ní 1977 ni a dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì wà nínú àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ní 1988 ni ti ìjọba àpapọ̀ dé, òun náà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin ń bẹ: kìlómítà 100 fún mọ́tò àdáni ní ojú ọ̀nà máarosẹ̀, 90 fún ọkọ̀ akérò. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ òfin náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ láti gáréèjì dé gáréèjì ni kò sì lè kà á.

Níhìn-ín ni mo rò pé iṣẹ́ wà fún ẹgbẹ́ wa. Kò yẹ kí awakọ̀ tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan dúró níwájú adájọ́ kí ó máa gbọ́ iye tí ẹ̀rọ sọ láìmọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè. Ó yẹ kí ó lè béèrè pé: Máìlì ni tàbí kìlómítà? Ọjọ́ wo ni a dán òṣùwọ̀n yìí wò gbẹ̀yìn? Ta ni ó kọ́ ẹni tí ó dì í mú bí a ti ń lò ó? Bákan náà ni ó yẹ kí èrò tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ mọ ohun tí abẹ́rẹ́ ń sọ, kí ó lè wí fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ rọra." Bí a bá kọ òfin eré ní Yorùbá tí ó ṣe tààrà, tí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo gáréèjì láti Èkó dé Ògbómọ̀ṣọ́, a ó ti dá ẹlẹ́sẹ̀ ọdún 1865 padà síwájú ọkọ̀ lọ́nà mìíràn: òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn lè rí, tí gbogbo ènìyàn sì lè fi ṣe ẹlẹ́rìí.